Ìdí tí àǹtíbáyọ́tíìkì kì í fi í ran fáírọ́ọ̀sì

Ìbéèrè tí ẹ bi ni pé, nígbà tí bakitéríà àti fáírọ́ọ̀sì jọ jẹ́ kòkòrò àìfojúrí tó ń fa àìsàn, kí ló dé tí àǹtíbáyọ́tíìkì fi ń pa ọ̀kan tí kì í pa èkejì? Ẹ tún fẹ́ mọ̀ bóyá àwọ̀ ikun imú lè sọ èyí tó wà lára èèyàn. Ẹ jẹ́ kí n ti ibi oògùn bẹ̀rẹ̀, torí ibẹ̀ ni àṣìṣe ti ń pa èèyàn lára jù.

Sẹ́ẹ̀lì kan ṣoṣo ni bakitéríà, ṣùgbọ́n ó dá dúró. Ó ní ògiri tó yí i ká, ó ń jẹun, ó ń ṣe purotéènì tirẹ̀, ó sì ń pín ara rẹ̀ sí méjì. Bí oúnjẹ àti ooru bá tẹ́ E. coli, bakitéríà kan tó ń gbé inú ìfun, lọ́rùn, nǹkan bí ìṣẹ́jú 20 ti tó fún un láti di méjì. Fáírọ́ọ̀sì kò ní ọ̀kankan nínú èyí. DNA tàbí RNA (èròjà tó ń gbé àbùdá) díẹ̀ tí a fi purotéènì wé ni. Àwọn mìíràn tún da awọ ọ̀rá bora. Kì í jẹun, kì í dàgbà, àfi tó bá ráyè wọnú sẹ́ẹ̀lì ẹlòmíì, tó wá fipá lo irinṣẹ́ onílé láti fi bí irú ara rẹ̀. Ó kéré gidi pẹ̀lú: bí a bá to fáírọ́ọ̀sì tó ń fa rọmọlápá-rọmọlẹ́sẹ̀ ní ìlà, ó gbọ́dọ̀ lé ní 60 kí ó tó gùn tó E. coli kan.

Ohun tí penisílínì ń ṣe ni pé kì í jẹ́ kí bakitéríà rí ògiri rẹ̀ mọ parí. Omi á ya wọnú rẹ̀, á sì bẹ́. Sẹ́ẹ̀lì tiwa kò ní irú ògiri bẹ́ẹ̀, ìdí nìyẹn tí oògùn náà fi ń fi wá sílẹ̀. Fáírọ́ọ̀sì náà kò ní in. Eritiromáísìn ní tirẹ̀ ń dí ibi tí bakitéríà ti ń ṣe purotéènì, ṣùgbọ́n ibi ìṣẹ̀dá tiwa ni fáírọ́ọ̀sì ń lò. Nítorí náà, bí ẹ tiẹ̀ lo ìlọ́po méjì, kò ní tu irun kan lára rẹ̀. Kódà láàárín bakitéríà, Mycoplasma kò ní ògiri, penisílínì kò sì ràn án. Àwọn bakitéríà rere inú ìfun ni oògùn tí kò yẹ máa ń pa. Ìgbẹ́ gbuuru lè tẹ̀ lé e, àwọn bakitéríà tí oògùn kò ràn mọ́ á sì ráyè gbilẹ̀.

Oògùn fáírọ́ọ̀sì wà o, ṣùgbọ́n kọ́kọ́rọ́ ilẹ̀kùn kan ṣoṣo ni ọ̀pọ̀ wọn. Asiklofíà wà fún fáírọ́ọ̀sì ẹbí hápíìsì; oseltamífíà wà fún àrùn gágá, ó sì dára jù kí a bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ láàárín wákàtí 48 tí àìsàn bẹ̀rẹ̀. Kò wúlò fún ọ̀fìnkìn lásán.

Ní ti ikun, àwọ̀ kò sọ nǹkan kan. Èròjà inú sẹ́ẹ̀lì funfun, àwọn ọmọ ogun ara, ló ń sọ ọ́ di àwọ̀ ewé, ogun yòówù kí wọ́n ń jà. Bí ọ̀fun bá ń dunni, ẹ wo ohun mẹ́rin: ibà, ọyún lára ẹran méjèèjì ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà ọ̀fun, kókó tó ń dunni níwájú ọrùn, àti pé kò sí ikọ́. Bí wọ́n bá pé, ó ṣeé ṣe kí ó jẹ́ bakitéríà tó ń jẹ́ Streptococcus, àyẹ̀wò ló sì máa fìdí rẹ̀ múlẹ̀. Ikọ́, imú tó ń ṣomi àti ohùn tó há máa ń tọ́ka sí fáírọ́ọ̀sì. Ẹni tí gágá ti ń fi sílẹ̀, tí ibà tún wá ṣẹ́rí padà, kó tètè rí dókítà: bakitéríà lè ti gorí ẹ̀dọ̀fóró tí fáírọ́ọ̀sì ti sọ di aláìlágbára.

Ibi àyẹ̀wò ni ìyàtọ̀ yìí ti ń le jù. Bí ẹ̀jẹ̀ bá jẹ́ ti wíwá bakitéríà, kí wọ́n gbà á kí oògùn tó wọlé, mílílítà 8 sí 10 nínú ìgò kọ̀ọ̀kan fún àgbàlagbà. Kí ìtọ̀ dé láàbù láàárín wákàtí 2, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ kó wọ fíríìjì. Omi tí wọ́n fà láti inú ọ̀pá ẹ̀yìn, tí wọ́n fẹ́ fi gbin kòkòrò yírùnyírùn ní láàbù, kò gbọ́dọ̀ wọ fíríìjì rárá, torí òtútù ń pa kòkòrò náà. Ti fáírọ́ọ̀sì yàtọ̀: òwú ìgbàyẹ̀wò oníláílọ́ọ̀nù tó ní ọ̀pá ike ni kí ẹ lò, torí ọ̀pá igi lè ba PCR, àyẹ̀wò tó ń wá DNA tàbí RNA fáírọ́ọ̀sì, jẹ́. Inú omi ìgbéfáírọ́ọ̀sì, ìyẹn omi tí a fi ń gbé fáírọ́ọ̀sì lọ sí láàbù, ni ẹ ó tì í bọ̀, ní ìwọ̀n 2 sí 8°C, kò sì gbọ́dọ̀ ju wákàtí 72 lọ. Inú omi yẹn gan-an ni wọ́n máa ń da àǹtíbáyọ́tíìkì sí, kí bakitéríà má bàa hù níbẹ̀. Fáírọ́ọ̀sì á wà níbẹ̀ láìfarapa. Ẹni tó bá wá fi ohun tó wà nínú ìgò kan náà wá bakitéríà, òfo ló máa bá.

Ní ti ọwọ́, ọtí ìfọwọ́ tó tó ìdá 60 nínú ọgọ́rùn-ún ń tú awọ ọ̀rá fáírọ́ọ̀sì bíi ti gágá. Norovirus tó ń fa èébì àti ìgbẹ́ gbuuru kò ní awọ yẹn, ọtí kò fi bẹ́ẹ̀ ràn án. Ọṣẹ àti omi tó ń ṣàn, fún ìṣẹ́jú àáyá 20, ló ń fọ̀ ọ́ kúrò. Ilẹ̀ tí aláìsàn bì sí ń fẹ́ omi bílíìṣì tí ẹ ó jẹ́ kó wà níbẹ̀ fún ìṣẹ́jú 5, ó kéré tán, kí ẹ tó nù ún.