Ọmọ ajá Boxer ń bọ̀ nílé wa: kí ni ká kọ́kọ́ ṣe?

Ìbéèrè: Dókítà, ẹ kú iṣẹ́. Ọkọ mi ti sanwó ọmọ ajá Boxer kan fún àwọn ọmọ wa, ọ̀kan jẹ́ ọmọ ọdún 4, èkejì ọmọ ọdún 9. Ajá náà pé ọ̀sẹ̀ 7, Sátidé la fẹ́ lọ gbé e. Ẹni tó tà á fún wa ní ó ti gba gbogbo abẹ́rẹ́ rẹ̀ tán. A ò sin ajá rí, ìyá ọkọ mi tó ń gbé lọ́dọ̀ wa sì ń bẹ̀rù ajá. Kí ni ká ṣe?
Ìyá ọlọ́mọ méjì, Ìbàdàn

Ìdáhùn: Ẹ kú oríire, ìyá àwọn ọmọ. Ọ̀rọ̀ abẹ́rẹ́ yẹn ni n ó kọ́kọ́ mú, nítorí ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ọmọ ajá ti ń kú mọ́ olówó wọn lọ́wọ́. Kò sí ọmọ ajá ọ̀sẹ̀ 7 tó ti gba abẹ́rẹ́ tán. Ó lè ti gba àkọ́kọ́, èyí tí à ń fún wọn láàárín ọ̀sẹ̀ 6 sí 8. Lẹ́yìn ìyẹn, a óò máa tún un gún ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta-mẹ́ta tàbí mẹ́rin-mẹ́rin títí yóò fi pé ọ̀sẹ̀ 16. Ọmú àkọ́kọ́ tó mu lára ìyá rẹ̀ ló fún un ní ààbò. Bí ààbò yẹn bá ṣì lágbára, yóò sọ abẹ́rẹ́ wa di òfo. Ọjọ́ tó máa tán lára ọ̀kan kọ́ ló máa tán lára èkejì, bí wọ́n tilẹ̀ jẹ́ ọmọ ìyá kan náà. Ìdí tí a fi ń tún un gún nìyẹn. Ẹ gba káàdì lọ́wọ́ ẹni tó tà á. Bí kò bá sí déètì, orúkọ abẹ́rẹ́ àti òǹtẹ̀ dókítà níbẹ̀, ẹ kà á sí ajá tí kò tíì gba nǹkan kan. Abẹ́rẹ́ dìgbòlugi wà lọ́tọ̀, ó di bí oṣù 3. Bí ẹni tó tà á bá sì gbà, ẹ jẹ́ kí ajá lo ọ̀sẹ̀ kan sí i lọ́dọ̀ ìyá rẹ̀, níbi tó ti ń kọ́ bí a ti í ṣeré láìgé ẹnìkejì jẹ.

Parvo, àrùn tó ń mú ọmọ ajá bì, tó sì ń mú un yàgbẹ́ ẹ̀jẹ̀, ni ẹ̀rù rẹ̀ ń bà mí jù. Ilẹ̀ tí ajá tó ní in bá yàgbẹ́ sí lè gbé àrùn náà dání ju ọdún kan lọ, ọṣẹ lásán kò sì ràn án. Bàtà lè gbé e wọlé. Kí ẹni tó bá ti òde dé bọ́ bàtà sẹ́nu ọ̀nà, kí ajá má sì fẹsẹ̀ tẹ ilẹ̀ ìgboro títí abẹ́rẹ́ rẹ̀ yóò fi pé. Bí ajá kan bá ti ṣàìsàn nínú ọgbà yín rí, ẹ po Hypo tàbí Jik, ìwọ̀n 1 sínú omi ìwọ̀n 30, kẹ́ ẹ fi fọ sìmẹ́ńtì ibẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ má tì í mọ́lé o. Láàárín ọ̀sẹ̀ 14 àkọ́kọ́ láyé rẹ̀ ló ń mọ ohun tí kò yẹ kó bà á lẹ́rù. Ẹ gbé e lọ́wọ́ dúró sẹ́nu géètì, kó gbọ́ ariwo jẹnẹrétọ̀, kó rí ọlọ́kadà, kó rí bàbá tó wọ agbádá.

Imú Boxer ni ohun kejì. Ajá kì í làágùn bíi tiwa, mímí hẹlẹhẹlẹ ló fi ń tu ooru dànù. Imú tó kúrú báyìí kò jẹ́ kó ṣe é dáadáa. Ọ̀pọ̀ èèyàn rò pé torí irun rẹ̀ kúrú, oòrùn kò lè rí i gbé ṣe. Kò rí bẹ́ẹ̀ rárá. Ẹ má so ó mọ́ abẹ́ páànù lọ́sàn-án, ẹ má fi í sílẹ̀ nínú mọ́tò, ìbáà ṣe pé búrẹ́dì lẹ fẹ́ yà rà. Àárọ̀ kùtù àti ìrọ̀lẹ́ ni kí àwọn ọmọ máa bá a sáré. Ẹ máa wo ahọ́n rẹ̀. Bó bá yọ gbọọrọ, tó pọ́n ju ti tẹ́lẹ̀ tàbí tó ń dúdú bí aró, tí itọ́ rẹ̀ ki, tí mímí rẹ̀ ń dún, tó ń ta gbọ̀ọ́ngbọ̀ọ́n, ooru ti mú un. Omi ẹ̀rọ lásán ni kẹ́ ẹ dà sí i níkùn àti abẹ́ itan, kẹ́ ẹ fi abẹ̀bẹ̀ fẹ́ ẹ, kẹ́ ẹ sì máa gbé e bọ̀ nílé ìwòsàn ẹranko. Ẹ má rọ omi sí i lẹ́nu.

Ọmọ ọdún 4 yẹn kò gbọdọ̀ dá wà pẹ̀lú rẹ̀. Kó jókòó sílẹ̀ kí ajá wá bá a, kó má gbé e. Bí ajá bá ń jẹun tàbí ó ń sùn, kó fi í sílẹ̀. Aràn inú ọmọ ajá ń ran ọmọ èèyàn, ó sì lè ba ojú jẹ́. Oògùn aràn ní ọ̀sẹ̀ méjì-méjì títí di oṣù 3, kíkó ìgbẹ́ lójoojúmọ́, ọwọ́ fífọ̀ kí wọ́n tó jẹun.

Ní ti màmá, mo rò tiwọn gan-an. Boxer tó dàgbà máa ń tó kílò 25 sí 32, ó sì fẹ́ràn kó máa fò mọ́ èèyàn. Ohun tí ẹ ń fi rẹ́rìn-ín lónìí ni yóò bì wọ́n ṣubú lọ́dún tó ń bọ̀. Láti ọjọ́ kìíní, bó bá fò mọ́ yín, ẹ kọ̀yìn sí i. Ìgbà tí ẹsẹ̀ rẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin bá wà nílẹ̀ nìkan ni kẹ́ ẹ fọwọ́ pa á lórí. Kí gbogbo ilé ṣe é bákan náà. Kí ajá má sì wọ yàrá màmá.

Oúnjẹ tó ń jẹ tẹ́lẹ̀ ni kẹ́ ẹ fún un lọ́sẹ̀ àkọ́kọ́, lẹ́ẹ̀mẹrin lójúmọ́, kẹ́ ẹ wá máa fi tiyín lú u díẹ̀díẹ̀. Ẹ má fún un ní àjẹkù ọbẹ̀: àlùbọ́sà ń ba ẹ̀jẹ̀ ajá jẹ́, bó ti wù kó jinná tó. Egungun adìẹ sísè náà kò dára.

Bó bá ń bì, tó kọ oúnjẹ, tí ìgbẹ́ rẹ̀ ń rùn tó sì ní ẹ̀jẹ̀, ẹ má dúró di ọ̀la, ẹ má sì rọ epo pupa sí i lẹ́nu, torí ó lè bá ẹ̀dọ̀fóró lọ. Ẹ gbé e sínú páálí wá sí ilé ìwòsàn ẹranko, irú ti Yunifásítì Ìbàdàn. Kẹ́ ẹ sì sọ fún wọn lẹ́nu ọ̀nà pé ẹ fura sí parvo, kí wọ́n lè yà á sọ́tọ̀ kúrò lára àwọn ọmọ ajá tó wà nílẹ̀.