Ta ni à ń pa òwe "Ahọ́n àti eyín a máa jà" fún?

Ẹ ní ẹ gbọ́ tí sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ kan lórí rédíò ń pa òwe "Ahọ́n àti eyín a máa jà" mọ́ ọ̀rọ̀ Ísírẹ́lì àti Palẹstínì, ẹ wá ń béèrè bóyá ibẹ̀ ni òwe náà yẹ.

Kò yẹ ibẹ̀ rárá, ó sì dùn mí pé wọ́n lò ó bẹ́ẹ̀. Ẹ wo bó ṣe máa ń rí nídìí oúnjẹ. Èèyàn ń jẹ ẹran lọ, eyín ṣèèṣì gé ahọ́n jẹ. Ojú á fún pọ̀, á ti ìka bọ ẹnu wò bóyá ẹ̀jẹ̀ wà níbẹ̀. Kò ní pẹ́ tí eyín á tún máa rún, tí ahọ́n á tún máa yí òkèlè. Inú ẹnu kan náà ni wọ́n ń gbé. (Àwọn mìíràn máa ń fi "ẹnu" rọ́pò "eyín"; ìtumọ̀ kan náà ni.) Tọkọtaya, ọmọ ìyá, àwọn tó jọ ń ṣòwò, àwọn wọ̀nyí là ń pa á fún nígbà tí a bá ń parí ìjà wọn. A kì í pa á fún ìyá tí ilé wó pa ọmọ rẹ̀ ní Gásà, tàbí fún ẹni tí wọ́n jí èèyàn rẹ̀ gbé lọ ní ọjọ́ 7 oṣù Kẹwàá, 2023.

Àwọn orílẹ̀-èdè alágbára tó jọ ń ṣe ni òwe náà bá mu. Ní ọjọ́ 18 oṣù Kẹrin, 2024, Ìgbìmọ̀ Ààbò dìbò bóyá kí Palẹstínì di ọmọ ẹgbẹ́ Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé ní kíkún. Orílẹ̀-èdè 12 nawọ́ sókè pé àwọn fẹ́, Faransé wà nínú wọn. Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ò gbè sẹ́yìn ẹnikẹ́ni. Ọwọ́ kan ṣoṣo ló ta kò ó, ọwọ́ Amẹ́ríkà tó ní agbára láti dá fagi lé ìpinnu ìgbìmọ̀ náà, ọ̀rọ̀ sì parí síbẹ̀. Nígbà tó di ọjọ́ 21 oṣù Kẹsàn-án, 2025, ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, Kánádà àti Australia kéde pé àwọn gba Palẹstínì gẹ́gẹ́ bí orílẹ̀-èdè. Faransé ṣe bẹ́ẹ̀ lọ́jọ́ kejì. Jámánì ní ìparí ìjíròrò láàárín Ísírẹ́lì àti Palẹstínì ló yẹ kí irú ìkéde bẹ́ẹ̀ wà. Amẹ́ríkà ò fara mọ́ ọn. Síbẹ̀, yàtọ̀ sí Australia, inú NATO kan náà, ẹgbẹ́ àwọn orílẹ̀-èdè tó jọ ń dáàbò bo ara wọn lójú ogun, ni gbogbo wọn ṣì wà.

Ìjà wọn ti le ju èyí lọ rí. Ní 1956, ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti Faransé bá Ísírẹ́lì kọlu Íjíbítì nítorí odò Suez tí wọ́n gbẹ́. Owó pọ́n-ùn ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ń já wálẹ̀, Ààrẹ Eisenhower ti Amẹ́ríkà kọ̀ láti ràn wọ́n lọ́wọ́ títí wọ́n fi gbà láti kó ọmọ ogun wọn kúrò. Eyín gé ahọ́n dé ojú ẹ̀jẹ̀ lọ́dún náà. Ṣùgbọ́n ní oṣù Kẹta, 1957, Eisenhower àti Macmillan, olórí ìjọba tuntun nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ti jọ jókòó ní Bermuda, wọ́n ń tún àárín ara wọn ṣe.