Ṣé Mr. Bean nìkan ni òṣèré aláwàdà Rowan Atkinson ṣe rí?

Rárá o. Kí Mr. Bean tó dé ni wọ́n ti mọ̀ ọ́n bí ẹní mowó nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ìmọ̀ iṣẹ́ ẹ̀rọ iná mànàmáná ló kà ní yunifásítì, àmọ́ eré ló gbà á lọ́kàn. Ní 1979, òun àtàwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ Not the Nine O'Clock News lórí BBC, àwọn eré ṣókí ṣókí tó ń pani lẹ́rìn-ín. Ó parí ní 1982. Lẹ́yìn náà ló ṣe Blackadder, eré apanilẹ́rìn-ín mìíràn lórí BBC, láti 1983 dé 1989. Ẹnu ló fi ṣe ìyẹn, ọ̀rọ̀ rẹ̀ mú bí abẹ. Ní tèmi, òun ló dáa jù nínú gbogbo iṣẹ́ rẹ̀.

Ọjọ́ kìíní ọdún 1990 ni Mr. Bean bẹ̀rẹ̀ lórí ITV, ilé iṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n mìíràn nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ẹ wo ibi tó ti ń ṣe sáńwíìsì lórí bẹ́ńṣì: àlùmọ́gàjí ló fi gé búrẹ́dì, káàdì báǹkì ló fi pa bọ́tà sí i. Ó wá kó ewé lẹ́túùsì tútù sínú ìbọ̀sẹ̀ rẹ̀, ó ń fì í yíká kí omi lè dà nù. Ọmọ tí kò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì rárá á rẹ́rìn-ín síbẹ̀.

Ti sinimá, ó ṣe Bean ní 1997, àti Johnny English mẹ́ta: 2003, 2011 àti 2018. Ohùn rẹ̀ náà ni ẹyẹ Zazu nínú The Lion King ti 1994. Ní 2016 ó ṣe ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ Maigret, kò sì sí ẹ̀fẹ̀ kankan níbẹ̀. Man vs. Bee tẹ̀ lé e lórí Netflix ní 2022.