"Hampered" kì í ṣe hámpà Kérésì o

Àbúrò tó ń béèrè bóyá òun lè kọ "I was hampered to come to work" fún ọ̀gá òun, jọ̀ọ́ má kọ ọ́. Ọ̀rọ̀ yìí ti jẹ mí níyà rí.

Ọdún tí bàbá mi ṣaláìsí, à ń sáré owó ìfẹ̀yìntì wọn. Ọdún ti ń parí lọ nígbà tí lẹ́tà dé, wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ pé "processing has been hampered by incomplete documents". Bí mo ṣe rí hampered báyìí, ọkàn mi lọ síbi apẹ̀rẹ̀ tí wọ́n ń to wáìnì àti mílíìkì sí, tí wọ́n fi ọ̀rá wé, tí wọ́n máa ń tà ní Tákíè, ní Ògbómọ̀ṣọ́ níbí, tí Kérésì bá ti ń bọ̀. Mo ní kí màmá mi fọkàn balẹ̀, wọ́n máa kọ́kọ́ fún wa ní hámpà. Màmá ti pín in tán lọ́kàn, mílíìkì ti ìyàwó mi, wáìnì ti pásítọ̀. A bá jókòó sílé. Ọdún tuntun wọlé tán kí n tó lọ sí ọ́fíìsì wọn, akọ̀wé tí mo bá níbẹ̀ ń jẹ ẹ̀pà, kò tiẹ̀ gbójú sókè wò mí, ó ní ṣé wọn ò ní kẹ́ ẹ mú ìwé ẹ̀rí ikú wá ni, ó ti pẹ́ jù, ẹ lọ bẹ̀rẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀. Oṣù méje la tún fi rìn ín! Kí ló ń ṣe wọ́n tí wọn ò lè kọ "bring death certificate"?

Ṣé o mọ ewúrẹ́ olè tí wọ́n fi igi kọ́ lọ́rùn kó má baà wọ oko ẹ̀gẹ́? Ó ń rìn, ó ń jẹ koríko, àmọ́ igi yẹn ò jẹ́ kó ráyè ara ẹ̀. Hampered nìyẹn. Ìdíwọ́ ni, kì í ṣe ìdènà. Tí òjò bá ń fa iṣẹ́ ọ̀nà Ọ̀yọ́ sí Ògbómọ̀ṣọ́ sẹ́yìn, òjò hamper ẹ̀ nìyẹn, tí òjò ò bá jẹ́ kí wọ́n ṣe é rárá, "prevented" ni. Apẹ̀rẹ̀ yẹn ní tiẹ̀, ọ̀dọ̀ àwọn Faransé ló ti wá, àpótí ife ló jẹ́ níbẹ̀rẹ̀, sípẹ́lì lásán ló pa wọ́n pọ̀. "By" ló ń tẹ̀ lé hampered, kì í ṣe "to", r kan ṣoṣo ló sì wà nínú sípẹ́lì ẹ̀, ìyẹn ò le.

Ẹ sì ṣọ́ra fáwọn tó ń jókòó síta ọ́fíìsì pé àwọn á bá yín ka lẹ́tà o. Ẹgbẹ̀rún méjì lọ̀kan gbà lọ́wọ́ mi, òun náà ní hámpà ni.

Ẹ̀n-ẹ́n, ìwé tìẹ. Tó bá jẹ́ pé o pẹ́ dé ibi iṣẹ́ ni, kọ "I was delayed by heavy rain". Tó ò bá lọ rárá, "I could not come".