Ẹ̀yìn tó ń tutù nínú hámọ́ọ̀kì ní Ìkọ́gosì

Ẹ kú ọyẹ́ o, bọ̀dá. Ẹ ní ẹ̀yìn yín ṣì ń tutù nínú hámọ́ọ̀kì, ìyẹn aṣọ tí a so mọ́ igi méjì láti sùn sí, bí ẹ tilẹ̀ tẹ́ bùláńkẹ́ẹ̀tì sí i. Bùláńkẹ́ẹ̀tì méjì tí ẹ tẹ́ sábẹ́ kò kéré. Ara yín ló tẹ̀ wọ́n pa, afẹ́fẹ́ tó yẹ kó pa ooru mọ́ ti jáde, atẹ́gùn sì ń fẹ́ lábẹ́ ẹ̀yìn yín. Ẹ tẹ́ fóòmù pẹlẹbẹ sínú hámọ́ọ̀kì, tàbí kí ẹ so bùláńkẹ́ẹ̀tì kan mọ́ abẹ́ rẹ̀ níta, kó sún mọ́ ọn láìfún pọ̀.

Ìyẹn tó fún ọyẹ́. Bí òjò bá lè rọ̀, ẹ ta tapólì sókè, kí ẹ so okùn tẹ́ẹ́rẹ́ mọ́ okùn hámọ́ọ̀kì lábẹ́ tapólì níhà méjèèjì. Omi tó ń ṣàn bọ̀ láti ara igi á gba ibẹ̀ kán sílẹ̀.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi ọ̀rá náílọ́ọ̀nù bora. Èémí yín á di omi, aṣọ á rin, òtútù á sì le sí i.