Ẹ Bi Wá: Kí aṣọ tuntun tó bo Stinson L-5

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin olóòtú. Ní Texas níbí, èmi àtàwọn ọ̀rẹ́ mi ń tún Stinson L-5, ọkọ̀ òfurufú kékeré ayé ogun, ṣe. Ẹni tó tà á ní aṣọ tó bo ara rẹ̀ nìkan ló gbó. Ṣé irú ẹ̀ náà ló gbé àwọn ọmọ ogun wa tó fara gbọgbẹ́ ní Bọ́má?

ÌDÁHÙN: Òun náà ni. Ní 1944, L-5 àwọn ará Amẹ́ríkà ń gbé àwọn Chindit (ọmọ ogun ìjọba Gẹ̀ẹ́sì tó ń jà lẹ́yìn ìlà àwọn ará Japan) tó fara gbọgbẹ́ kúrò nínú igbó, àwọn ọmọ Nàìjíríà sì wà lára Chindit.

Ẹ má tíì ra aṣọ. Ẹ bọ́ ti àtijọ́ ná, torí igi ni egungun apá rẹ̀. Ibi tí irin bá ti fi bóòtù mọ́ igi ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ wò. Bó bá dúdú, omi ti dé ibẹ̀. Ẹ fi irin ṣóńṣó tẹ̀ ẹ́, bó bá wọlé wẹ́rẹ́, igi ti jẹrà. Ẹ má da gúlúù tuntun lé ti àtijọ́, kò ní di igi mú. Ẹ ha á kan igi. Bẹ́ ẹ bá ń lẹ plywood mọ́ra, ẹ dá ẹnu méjèèjì ní ìdàgẹ̀rẹ̀ tó gùn tó ìlọ́po 12 nínípọn rẹ̀: mìlímítà 3 á gba 36. Gbogbo ìgbà tẹ́ ẹ bá po gúlúù, ẹ fi lẹ ègé igi méjì, kẹ́ ẹ ṣẹ́ ẹ lọ́jọ́ kejì. Igi ló yẹ kó ya, kì í ṣe ojú gúlúù.

Páìpù irin ni egungun ara rẹ̀. Ìdí ló fi ń jókòó, ibẹ̀ lomi ń ṣàn sí, nítorí náà páìpù ìsàlẹ̀ níbi ìrù ló sábà ń dípẹtà látinú.

Ó wá ku aṣọ polyester. Ẹ fi áyọ́ọ̀nù fà á le ní dígírì Celsius 121, lẹ́yìn náà 177. Ẹ fi ẹ̀rọ ìwọ̀n ooru yẹ áyọ́ọ̀nù wò, nọ́ńbà ara rẹ̀ máa ń parọ́. Bí ooru bá kọjá 177, aṣọ lè dẹ̀, kò sì ní fà mọ́. Ẹ má fa ojú kan tán kẹ́ ẹ tó kan èkejì, apá á lọ́. Ó dìgbà tó bá le tán kẹ́ ẹ tó rán an mọ́ egungun.

ÌBÉÈRÈ: Ṣé a lè fo ọ̀dà fàdákà tí wọ́n ń fín sára aṣọ, nígbà tí àwọ̀ ológun á bò ó?

ÌDÁHÙN: Rárá. Ẹ̀tù alumíníọ̀mù inú rẹ̀ ni kì í jẹ́ kí oòrùn jẹ aṣọ. Ẹ ti gílóòbù bọ inú apá nínú òkùnkùn. Ibi tí ìmọ́lẹ̀ bá ti yọ, ẹ tún un fín.