Yọ ooru yàrá kúrò ná, kí o tó ṣí ìwé log

Àbúrò, mo rí ìbéèrè rẹ méjèèjì. Ti omi gbígbóná yẹn ni mo fẹ́ dúró lé, torí òun ló gbé mi ṣubú lẹ́ẹ̀mejì nínú ìdánwò àṣejáde.

O ní omi wà ní dìgírì 100, yàrá wà ní 30, lẹ́yìn ìṣẹ́jú 10 omi ti di 65. Ìgbà wo ni yóò di 40? O ní bó ṣe jẹ́ 35 ló lọ láàárín ìṣẹ́jú 10, dìgírì mẹ́ta ààbọ̀ ló ń lọ ní ìṣẹ́jú kọ̀ọ̀kan, o wá gbé ìṣẹ́jú 17 jáde. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ lèmi náà ṣe nígbà tèmi. Olùkọ́ tó ń kọ́ mi ní lẹ́sìn nílé ní kí n há fọ́múlà sórí. Mo há a. Ohun tí mo há ni mi ò mọ̀.

Ẹ̀yìnkùlé wa ní Ẹ̀pẹ́ lojú mi ti là. Màmá mi ń ṣe ẹ̀kọ tà, omi gbígbóná kì í wọ́n wa láàárọ̀. Mo yá tẹmómítà, mo bu omi sínú kọ́ọ̀pù tánganran, mo jókòó sẹ́nu ọ̀nà. Ọjọ́ àkọ́kọ́ bàjẹ́ pátápátá. Ṣe ni mò ń fa tẹmómítà jáde kí n tó kà á, ó sì ń já wálẹ̀ lójú mi, atẹ́gùn ọ̀sà náà tún ń fẹ́ sí kọ́ọ̀pù. Màmá mi pariwo láti ìdí ààrò pé, "Ìwọ tó ń ṣọ́ omi, ẹ̀kọ ń dì sí mi lọ́wọ́ níbí o!"

Lọ́jọ́ kejì mo wọlé, mo ti fèrèsé, mo fi tẹmómítà sílẹ̀ nínú omi. Ó bẹ̀rẹ̀ láti 90. Ní ìṣẹ́jú 10 ó di 70, ní 20 ó di 57, ní 30 ó di 48. Ká ní 20 ló ń lọ nígbà gbogbo bí mo ṣe rò ni, tó bá fi máa di ìṣẹ́jú 50, omi yẹn ì bá ti di yìnyín lórí tábìlì, ní Ẹ̀pẹ́, láìsí fíríìjì. Èmi nìkan ni mo dá rẹ́rìn-ín.

Mo wá yọ 30 ti yàrá kúrò nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan: 60, 40, 27, 18. Ìdá méjì nínú mẹ́ta ti ìṣáájú ni èyí tó tẹ̀ lé e. Ohun tí omi fi gbóná ju yàrá lọ ló ń dín kù, kì í ṣe gbogbo ooru tó wà nínú rẹ̀. Newton ti sọ ọ́ láti 1701, kò tilẹ̀ fi orúkọ rẹ̀ sí i nígbà tí wọ́n tẹ̀ ẹ́ jáde.

Ó yá, tìrẹ. 100 yọ 30 jẹ́ 70. 65 yọ 30 jẹ́ 35. Ìdajì ni! Nítorí náà, ní ìṣẹ́jú 10-10: 70, 35, 17.5, 8.75. Omi tó wà ní 40 fi 10 péré ju yàrá lọ, nítorí náà àárín ìṣẹ́jú 20 sí 30 ni, ó sì sún mọ́ 30. O ti mọ̀ pé 17 kò lè jẹ́ kó o tó fọwọ́ kan ìwé log. Ìgbà yẹn lo máa wá ṣí i, kí o lè mọ iye ìgbà tí 70 máa dá sí méjì kó tó di 10: 70 pín sí 10 jẹ́ 7, log 7 jẹ́ 0.8451, log 2 jẹ́ 0.3010. Fi èyí pín tọ̀hún, 2.81, sọ ọ́ di ìlọ́po 10, ìṣẹ́jú 28. Bí wọ́n bá ní dandan kí o fi e (nọ́ńbà 2.718 yẹn) ṣe é, k rẹ, ìyẹn nọ́ńbà tó ń sọ bí omi ṣe ń yára tutù ní ìṣẹ́jú kan, á jẹ́ 0.0693, ìṣẹ́jú 28 náà lo máa bá níbẹ̀.

Ṣọ́ra fún 40 yẹn o. Nígbà kejì tí mo fìdí rẹmi, mo rántí yọ 30 níbẹ̀rẹ̀, mo gbàgbé láti yọ ọ́ nígbẹ̀yìn.

Ti òbìrìkìtì kò le. Lẹ́tà O ni àárín rẹ̀, etí rẹ̀ ni A, B àti C wà; A àti B ló pín etí náà sí apá gígùn àti apá kékeré. Igun AOB jẹ́ 130, o dá a sí méjì, o ní ACB jẹ́ 65. Ì bá tọ́ ká ní apá tó gùn ni C wà. Nínú àwòrán tìrẹ, apá kékeré ló wà, nítorí náà igun tó gba ẹ̀yìn O kọjá lo máa pín sí méjì: 360 yọ 130 jẹ́ 230, ìdajì rẹ̀ 115. Fa ìlà láti O dé C, wàá rí triangle méjì tí ẹ̀gbẹ́ méjì dọ́gba nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan. Tún un yà kó tóbi, kí o sì fi ránṣẹ́ kí n wò ó.